Ọdẹ́wùmí àti Òmìrán Tó Ń Fi Eérú Ya Ọ̀rọ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko, ẹ fi ìdí lélẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò yìí kí ibòji rẹ̀ má bàa ṣòfò. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó rọra máa pa èèpo rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, bí ẹyọ kan ṣoṣo bá bọ́ nínú rẹ̀, ìtàn náà á di nǹkan mìíràn mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ògúnkẹ́yẹ, ọdẹ ni mí, n kì í sì í ṣe ọdẹ tó ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ kiri ẹ̀yìnkùlé. Ẹfọ̀n ti lé mi, èmi náà ti lé ẹfọ̀n, a kò sì tíì mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Mo bá iwin kan jà nínú Igbó Ìpàpó títí tó fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó lọ wo àwọn ọmọ rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́wùmí ni, ọmọbìnrin Ọdẹ́níran, ẹni tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ní ìbọn yíyìn. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ bi mí pé níbo ni èmi akọni wà nígbà tí obìnrin ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ẹ dákẹ́ ẹnu yín: ẹsẹ̀ mi ló kán. Ẹfọ̀n yẹn náà ló fà á. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi ni Ọdẹ́wùmí jókòó sí nígbà tó dé, bó sì ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́ fún yín.

Ní ọdún náà, nígbà tí ọyẹ́ mú, kànga gbogbo ní ìlú wa Òkè-Àsá gbẹ táútáú. Odò Àwẹ̀dá nìkan ló kù tí a ń pọn. Bẹ́ẹ̀ ni ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kan, Láoyè adẹ́mu sá wọ ìlú láti etí odò, akèrègbè rẹ̀ ti fọ́, ẹmu ti ta sí i lára láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó ké pé, "Mo rí i! Ó ń bẹ nínú kùrukùru! Orí méjì ló ní!"

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tutù tí àwọn obìnrin tó lọ pọn omi tún fi sá dé. Wọ́n ní àwọn rí ojú iná kan, pupa, tó ń kọ mànà níbi ikùn ẹranko náà. Àwọn rí ìrù rẹ̀ tó gùn, tó ń wọ́ lórí iyanrìn. Àwọn gbọ́ igbe rẹ̀, wọ́n ní igbe náà tín-ín-rín, ohun kan bí ikọ́ ń dá a dúró, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fún ẹ̀mí èṣù lọ́rùn. Nígbà tí oòrùn yọ tí àwọn ọkùnrin kó ara wọn jọ lọ síbẹ̀, wọn kò bá ipa ẹsẹ̀ kankan, àfi ojú ọ̀nà gbọọrọ kan tí nǹkan ti gbá kọjá lórí iyanrìn. Ìyẹn ló wá bu iyọ̀ sí i. Ẹranko tí kò ní ẹsẹ̀! Ta ló tún fẹ́ dé odò náà?

Ọ̀sẹ̀ ń lọ, òùngbẹ ń gbẹ ìlú. Àwọn ọmọdé ń mu omi ẹrẹ̀, inú ń run wọ́n. Ẹbí kan di ẹrù, wọ́n gba ọ̀nà ìlú mìíràn lọ. Èkejì tẹ̀ lé wọn. Ọba wa, Ọlọ́kè ti Òkè-Àsá, rí i pé bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, òun nìkan ni yóò kù tí yóò máa jọba lórí ewúrẹ́. Ó pe gbogbo ọdẹ jọ.

Olúọdẹ Kúmúyì, olórí àwọn ọdẹ, dìde. Ọkùnrin náà tóbi, ohùn rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ó ní, "Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, gbogbo wa yóò tò sí etí odò. Ohunkóhun tó bá jáde láti inú kùrukùru, gbogbo ìbọn ni yóò kí i káàárọ̀."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ni Ọdẹ́wùmí kúnlẹ̀ níwájú ọba. Obìnrin gíga ni, ó dúdú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti lanu, àwọn ènìyàn a máa dákẹ́.

Ó ní, "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Ohun tí bàbá mi kọ́ mi, tí Bàbá Ògúnkẹ́yẹ náà tún kọ́ mi, ni pé ọdẹ kì í yìnbọn lu ohun tí kò tíì mọ̀. Ta ni nínú wa tó mọ ohun tí à ń wí yìí? Mo gbọ́ pé ìlú kan wà lẹ́yìn Igbó Ìpàpó tí wọ́n ń pè ní Sọọ́-Kóo-Ríi. Ohun tí ènìyàn bá fi ẹnu sọ níbẹ̀, wọn a yà á ní àwòrán. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú àwòrán ẹranko náà wá, kí a mọ ibi tí a ó yìnbọn sí."

Olúọdẹ rẹ́rìn-ín. "Kó o tó dé, a ó ti sun ún jẹ."

Ọba wo Ọdẹ́wùmí pẹ́. Ó ní, "Máa lọ. Ṣùgbọ́n bí òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà bá mọ́ tí a kò rí ọ, ọ̀rọ̀ Olúọdẹ ni n ó tẹ̀ lé."

Bí Ọdẹ́wùmí ṣe gbé ìbọn àti àpò gààrí rẹ̀ nìyẹn, ó di inú igbó. Èmi ni mo fi ọ̀nà hàn án láti orí ibùsùn mi, nítorí kò sí kọ̀rọ̀ igbó yẹn tí n kò mọ̀.

Kò pẹ́ tó fi dé Omi Àìríbú. Omi náà gbòòrò, ó dúdú bí aró, iwin kan sì jókòó sí etí rẹ̀ tí orúnkún rẹ̀ kọ ẹ̀yìn bíi ti ẹyẹ. Ó bẹ́ dìde nígbà tó rí Ọdẹ́wùmí.

Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, sọ ohun tí o fẹ́. Ohun tí o bá sọ gẹ́lẹ́ ni n ó ṣe."

Inú Ọdẹ́wùmí dùn. Ó ní, "Gbé mi kọjá omi yìí."

Iwin gbé e lé èjìká, ó bọ́ sómi, ó gòkè ní òdìkejì. Ṣùgbọ́n kò dúró! Ó ń lọ ni. Ó gba inú ẹ̀gún kọjá, ó gba orí àpáta kọjá, ó yí po bìrí, ó tún padà sínú omi. Nígbà tí wọ́n dé àárín gbùngbùn omi náà, Ọdẹ́wùmí figbe ta: "Dúró!" Iwin dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ wò ó, omi dé ọrùn obìnrin náà, ó ń fi ọwọ́ kan gbé ìbọn sókè kí ẹ̀tù má bàa rin.

"Mi ò ní kí o dúró síbí!"

Iwin dáhùn pé, "O ní kí n dúró. O kò sọ ibi tí n ó dúró sí. O sì ti kọ́kọ́ ní kí n gbé ọ kọjá omi, o kò sọ ìgbà tí n ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ̀ bá ti bú u, ìyẹn náà ì bá sì ti ṣe ohun tí ẹ fi bú u. Ọdẹ́wùmí mí kanlẹ̀. Ó ro ọ̀rọ̀ náà kó tó sọ ọ́. Ó ní, "Gbé mi lọ sí etí omi tó wà níbi tí oòrùn ti ń yọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta funfun yẹn. Rọra gbé mi kalẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Má ṣe rìn kọjá ibẹ̀."

Bí iwin ṣe ṣe é nìyẹn, wẹ́rẹ́. Ó gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ó ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti bá mi sọ̀rọ̀ dé òpin."

Láti ibẹ̀, Ọdẹ́wùmí rìn títí ó fi dé ẹnubodè Sọọ́-Kóo-Ríi. Ìyá arúgbó kan jókòó síbẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò, tí méjèèjì ń fì sọ́tùn-ún sósì nínú atẹ́gùn. Ìyá Atẹ́tísílẹ̀ ni orúkọ rẹ̀.

Ọdẹ́wùmí kúnlẹ̀ kí i. Ìyá náà dáhùn, ó wá ní, "Ọmọ mi, kí ni pírọ́ḿtì rẹ?"

"Ẹ má bínú, Ìyá, n kò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wá. Ìbọn àti gààrí ni mo gbé."

Ìyá Atẹ́tísílẹ̀ rẹ́rìn-ín títí etí rẹ̀ fi bò ó lójú. Ó ní, "Èdè òyìnbó ni, nítorí àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ tẹ ìlú yìí dó, bí wọ́n sì ṣe sọ nǹkan ibẹ̀ lórúkọ nìyẹn. Jẹ́ kí n kọ́ ọ ní àwọn orúkọ náà kó o tó wọlé. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ nǹkan níbí, ẹ̀rù rẹ̀ á kàn máa bà á ni, tàbí kó máa bọ ọ́ bí òrìṣà. Pírọ́ḿtì ni ọ̀rọ̀ tí o bá sọ fún ẹni tó fẹ́ bá ọ ya àwòrán. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe rí ni àwòrán yóò rí."

Ọdẹ́wùmí ní, "Háà! Nígbà náà, ohun tí iwin etí omi yẹn ń kọ́ mi nìyẹn."

"Àbúrò mi ni," ni ìyá náà wí. "Ọ̀nà tirẹ̀ ló le díẹ̀."

Wọ́n wọ ìlú. Wọ́n gba àárín àwọn àká ńláńlá kọjá, àká tó tò lọ títí ojú kò tó òpin wọn. Àwòrán ló kún inú wọn dé àjà: àwòrán ajá, àwòrán ìyàwó, ti òkè, ti ìgò, ti ọmọ tó ń sunkún. Okùn tín-ín-rín wà lọ́rùn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì so ọ̀rọ̀ mọ́ ọn, tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Détà nìyí," ni Ìyá Atẹ́tísílẹ̀ wí. "Nínú rẹ̀ ni òmìrán wa ti kẹ́kọ̀ọ́."

"Ta ló kó gbogbo rẹ̀ jọ báyìí?"

Ìyá náà mi orí. "Àwọn kan mú tiwọn wá. Àwọn kan kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti mú tàwọn. Ìjà ìyẹn ń lọ lọ́wọ́ ní ìlú yìí, n kò ní purọ́ fún ọ."

Nígbà tí wọ́n dé àgbàlá tó wà láàárín ìlú, Ọdẹ́wùmí gbá ìbọn rẹ̀ mú. Òmìrán kan ló jókòó síbẹ̀. Ó jókòó ni o, síbẹ̀ orí rẹ̀ ga ju ọ̀pẹ lọ. Àtẹ fífẹ̀ kan wà lórí itan rẹ̀, eérú funfun àti dúdú, pupa àti aró, ló sì kún inú rẹ̀.

Ìyá Atẹ́tísílẹ̀ ní, "Fi ìbọn sílẹ̀. Mọ́dẹ̀lì nìyẹn. Kò jáde kúrò ní ìlú yìí rí. Kò rí odò rí, kò rí ajá tó ń gbó rí. Gbogbo àwòrán inú àká yẹn ló wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọrùn wọn, ó wò wọ́n, ó tún wò wọ́n, títí ó fi mọ irú ìrísí tó máa ń bá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan rìn. Ìmọ̀ yẹn ló ní. Òun nìkan náà ló ní."

Òmìrán tẹrí ba. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. "Kí ni kí n yà?"

Ọdẹ́wùmí sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Òkè-Àsá: "Ẹranko búburú, olórí méjì, olójú iná, onírù gígùn, tí kò ní ẹsẹ̀, tó ń ké bí ẹ̀mí èṣù nínú kùrukùru."

Òmìrán gbọn àtẹ náà wọ̀ọ̀. Eérú fọ́n káàkiri, kò sí orí, kò sí ìdí.

"Nọ́ìsì ni wọ́n ń pe èyí," ni Ìyá Atẹ́tísílẹ̀ sọ sí i létí. "Ariwo ni òyìnbó ń pè bẹ́ẹ̀."

"N kò gbọ́ ariwo kankan, Ìyá."

"Ariwo tí ojú ń gbọ́ ni. Wò ó, ṣé o rí ohun kan pàtó nínú rẹ̀? Kò sí. Ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀."

Òmìrán fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí eérú náà. Díẹ̀ nínú ìdàrúdàpọ̀ náà kúrò. Ó tún fẹ́ ẹ. Ó dà bí ẹni pé òjìji kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó tún fẹ́ ẹ, ó tún fẹ́ ẹ, títí ìrísí náà fi mọ́ kedere, Ọdẹ́wùmí sì fò sẹ́yìn. Ẹ̀yin èèyàn mi! Orí kan ń jẹ èkejì nínú àwòrán náà. Iná ń tú jáde lójú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n dì mọ́ ara wọn bí gbòǹgbò. Bí wọ́n bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ Òkè-Àsá, kò sí ẹni tí yóò sùn níbẹ̀ mọ́ láé.

Ọdẹ́wùmí nawọ́ sí àwòrán náà. Ó ní, "Òun nìyí! Láoyè kò purọ́. Ṣé o ti rí i rí ni?"

"N kò rí i rí," ni òmìrán wí. "Ẹnu rẹ ni mo tẹ̀ lé."

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọdẹ́wùmí lọ́kàn. Ó ní, "Tún un yà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni."

Òmìrán gbọn àtẹ, eérú fọ́n lọ́nà mìíràn, ó fẹ́ ẹ. Ẹranko tó jáde lọ́tẹ̀ yìí kò jọ ti àkọ́kọ́ rárá. Èyí dà bí ejò, ìwo wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lẹ́yìn.

Nígbà náà ni ẹ̀rù fi Ọdẹ́wùmí sílẹ̀, tí nǹkan mìíràn sì dé. Ó ní, "Ìyá, ẹ wò ó, kì í ṣe ẹlẹ́rìí ni àwòrán yìí. Ọ̀rọ̀ wa ló ń dá padà fún wa."

Ìyá Atẹ́tísílẹ̀ fi etí rẹ̀ kan bò ó léjìká bí aṣọ. "Jókòó, ọmọ mi. Jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ rẹ wò. O ní ẹranko. Ta ló rí pátákò rẹ̀, tàbí irun rẹ̀?"

Ọdẹ́wùmí ronú. "Kò sẹ́ni tó rí i."

"O ní búburú. Ta ló ti bù jẹ?"

"Kò bu ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n kàn ní ó hú ẹ̀gẹ́ díẹ̀ ní oko etí odò."

"Orí méjì ńkọ́? Báwo ni orí náà ṣe tò?"

Ó pa ojú dé, ó ń gbọ́ ohùn Láoyè. "Ọ̀kan ga. Èkejì kéré, ó wà lẹ́yìn, ó rẹlẹ̀ díẹ̀." Bí ó ti sọ ọ́ tán, ó la ojú sílẹ̀ gbàrà. Ó dìde dúró. "Ìyá! Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ!"

Ó kọjú sí òmìrán, ó sì sọ kìkì ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́: "Etí odò, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kùrukùru bò ó. Ohun kan dúró tí ó ga tó ènìyàn. Orí kan wà lókè, orí kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Iná kékeré kan wà níwájú ikùn. Ohun gígùn kan ń wọ́ tẹ̀ lé e lórí iyanrìn. Ohùn tín-ín-rín kan ń ké, ikọ́ sì ń dá a dúró."

Òmìrán fẹ́ eérú náà pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tó mọ́ kedere, obìnrin kan ló dúró nínú àwòrán náà, ó pọn ọmọ. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́wùmí bú sẹ́rìn-ín! Obìnrin náà funfun bí òwú, ó wọ ẹ̀wù òtútù onírun dé ọrùn ẹsẹ̀, yìnyín sì wà lórí igi lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló ń wọ irú èyí ní Àwẹ̀dá?"

Ojú ti òmìrán díẹ̀. Ìyá Atẹ́tísílẹ̀ ló dá a lóhùn: "Àwòrán ilẹ̀ yín kò pọ̀ nínú àká wa. Ibi tí o kò bá sọ, ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa fi dí i. Sọ ọ́ fún un."

Ọdẹ́wùmí sọ ọ́. Ó sọ ìró àti ọ̀já, ó sọ àwọ̀ ara, ó sọ ìkòkò kékeré tí àwọn ìyá máa ń fi ẹyin iná sí nígbà ọyẹ́, ó sọ ọ̀pẹ àti koríko etí odò. Òmìrán tún un yà. Ìyá ọlọ́mọ kan dúró níbẹ̀ nínú kùrukùru, ìkòkò iná lọ́wọ́ rẹ̀, àwọ̀n ẹja ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọdẹ́wùmí sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. "Ìbọn gbogbo ìlú ni yóò dojú kọ ọ́ ní ọjọ́ ọjà."

Òmìrán ní, "Gbọ́ mi o, ọmọ ènìyàn. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mo kàn mọ ohun tó máa ń bá ọ̀rọ̀ rẹ rìn ni. Ojú rẹ ló kù tí yóò lọ wò ó."

Ìyá Atẹ́tísílẹ̀ tẹ́ aṣọ funfun lé eérú náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nígbà tó sì ká a kúrò, àwòrán náà ti lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ọdẹ́wùmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin láti dúpẹ́, ó sáré jáde. Ó rìn, ó sáré, kò wo òkìtì. Nígbà tó dé Omi Àìríbú, ó ti mọ bí a ṣe ń bá iwin náà sọ̀rọ̀: ó sọ ibi tí yóò gbé òun dé, ó sọ bí yóò ṣe yára tó, ó sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣe. Iwin náà fi orúnkún ẹ̀yìn rẹ̀ fò bí tata, ó gbé e dé ẹ̀bá oko wa.

Ilẹ̀ ọjọ́ ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Kùrukùru bo Àwẹ̀dá bí òwú tí wọ́n gbọ̀n. Àwọn ọdẹ ti tò, wọ́n ti fi ìdí ìbọn ti èjìká, fìtílà ọdẹ ṣì ń tàn níwájú orí wọn. Nínú kùrukùru náà, ohun pupa kan ń bọ̀.

"Ẹ má yìn ín!" Ọdẹ́wùmí sáré bọ́ sí àárín, ó dúró sí ẹnu ìbọn, ó na aṣọ náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ má yìn ín, mo bẹ̀ yín!"

"Kúrò níbẹ̀, obìnrin!" Olúọdẹ Kúmúyì bú ramúramù. "Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Ẹ wò ó, Bàbá. Ẹ kàn wò ó."

Olúọdẹ wò ó. Àwọn ọdẹ tó sún mọ́ ọn wò ó. Ẹnìkan nínú wọn sọ ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀.

Olúọdẹ béèrè pé, "Ẹni tó ya èyí, ṣé ó rí i?"

Ọdẹ́wùmí ì bá purọ́. Irọ́ kékeré kan ì bá tó. Ṣùgbọ́n ó ní, "Kò rí i. Ó lè máà rí bẹ́ẹ̀. N kò ní kí ẹ gba àwòrán gbọ́. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi ohun tó ń bọ̀ yìí. Bí kò bá dá mi lóhùn bí ènìyàn, ẹ yìn ín, kódà bí mo bá wà láàárín."

Kò dúró gba èsì. Ó gbé ìbọn tirẹ̀ sórí iyanrìn, ó wọ inú kùrukùru lọ, ó ń pè: "Ta nìyẹn o? Ẹ ǹlẹ́ o! Ọmọ ńkọ́? Ṣé ara ọmọ le?"

Ohun pupa náà dúró. Igbe tín-ín-rín kan sọ, ikọ́ dá a dúró. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan dáhùn, ohùn tó ti gbẹ, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ sísọ: "Ara rẹ̀ kò le. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa wá."

Ọdẹ́wùmí jókòó sórí iyanrìn níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí Olúọdẹ fi máa dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn obìnrin méjèèjì ti dì mọ́ ara wọn.

Ìbídùn ni orúkọ àlejò náà. Abúlé apẹja ni ó ti wá, ní òkè odò, níbi tí ìkún omi ti gbé ilé àti ọkọ rẹ̀ lọ nígbà òjò tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Dúrójayé, ló kù ú kù. Ó ti fẹ́ wọ ìlú wa láti ìgbà tó dé, ṣùgbọ́n ó rí àwọn ọdẹ wa lọ́nà jíjìn nínú kùrukùru. Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́: "Mo rí àwọn ohun gíga tí iná wà níwájú orí wọn, ojú kan ṣoṣo ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ní, irin sì gùn jáde ní èjìká wọn. Mo sọ fún ọmọ mi pé iwin ló ń gbé ibẹ̀." Ìdí nìyẹn tó fi ń sá pamọ́. Ohun tó sì ń wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe àwọ̀n ẹja rárá bí òmìrán ṣe yà á. Imọ̀ ọ̀pẹ ni. Ó so ó mọ́ ìdí láti máa fi gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí iyanrìn, kí àwa má bàa rí i!

Olúọdẹ Kúmúyì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yọ fìtílà kúrò lórí ara rẹ̀, ó pa á. Ó na ọwọ́ sí ọmọ náà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọwọ́ ńlá yẹn lè rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òun ló gbé Dúrójayé wọ ìlú. Ìyàwó rẹ̀ fi omi gbígbóná àti òrí pa á láyà, wọ́n sì fún un ní ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọjà fi máa tú, ikọ́ náà ti ń jẹ́ kó sùn.

Nígbà tí ara àlejò wa balẹ̀, ọba pè é, ó sì pe Ọdẹ́wùmí pẹ̀lú aṣọ alágbàyanu náà. Gbogbo ìlú ló péjọ. Ọba na aṣọ náà, ó wò ó pẹ̀lú ìyanu, ó ní, "A ó gbé e kọ́ sí ààfin, kí àwọn ọmọ wa máa wo obìnrin odò náà títí láé."

Ìbídùn kúnlẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹni inú aṣọ yẹn ga jù mí lọ, ó sì lẹ́wà jù mí lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá mi bẹ àwọn ọdẹ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo wà níwájú yín yìí. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ wò."

Ọba sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpèrè, ohun tí kì í ṣe. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wo àpá tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀, ó wo irun rẹ̀ tí oòrùn ti sọ di pupa, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó là. Ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Mo rí ọ, Ìbídùn. Káàbọ̀ sílé."

Ọba wá bi í pé kí ni kí àwọn ṣe sí aṣọ náà. Ìbídùn ní aṣọ tó nípọn dáadáa ni, ọ̀já òun sì ti gbó. Ọdẹ́wùmí gbé e lé e lọ́wọ́. Lójú gbogbo ìlú ló fi pọn Dúrójayé, ó gbá a mọ́ ẹ̀yìn gírígírí, ó sì tẹ̀ lé àwọn obìnrin ìlú wa lọ pọn omi ní Àwẹ̀dá. Ibẹ̀ ló ti fọ aṣọ náà. Eérú funfun àti dúdú, pupa àti aró, bá omi lọ, aṣọ náà mọ́ tónítóní.

Ibi tí Ọdẹ́wùmí bá mi sọ ọ́ dé nìyẹn, n kò sì ní fi tèmi kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo lè fi ẹfọ̀n kan sí i kó dùn sí i. Ẹ dìde, ẹ gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ yín, kí oníkálukú padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kí ilé yín tutù, kí ẹni tó bá wá sẹ́nu ọ̀nà yín bá ojú tí yóò wò ó dáadáa níbẹ̀.